Ọdún Tí Màmá Àgbà Ń Sọ Ìtàn Atukọ̀

Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí nínú ilé wa, páìpù ooru tó wà lábẹ́ fèrèsé á ti máa kan gbọ́ngbọ́n bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn. Màmá Àgbà á dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti wọn jọ ń sùn sí: "Wọlé, a ò ti ilẹ̀kùn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín fúnra wọn, wọ́n á fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lọ́rùn, wọ́n á kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mo máa ń fi sun oorun kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́dún náà. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé nínú ilé gíga kan ní Toronto: èmi, Dádì, àti Màmá Àgbà tí wọ́n jẹ́ ìyá Dádì. Lókè wa, Auntie Pauline ará Jàmáíkà máa ń tan rédíò rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Nísàlẹ̀ wa, ọmọ ọwọ́ kan wà tí igbe rẹ̀ máa ń gba inú ògiri gòkè. Lífítì ilé náà máa ń kérora bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí àga. Màmá Àgbà ní agboolé ni ibi tí à ń gbé, pé òyìnbó kàn to yàrá rẹ̀ léra wọn ni, wọ́n wá gbàgbé láti fi àgbàlá sí i.

Mọ́mì kò sí lọ́dọ̀ wa. Nígbà ìjọba ológun ni Dádì kúrò nílé, ó dé Toronto, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní apá Oshawa tí wọ́n ti ń ṣe ìjókòó ọkọ̀. Ó pẹ́ gan-an kó tó lè mú wa wá. Nígbà tí ìwé wa sì jáde, tèmi àti ti Màmá Àgbà ló jáde, ti Mọ́mì kò jáde. Dádì ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi lẹ́yìn tí mo dàgbà, síbẹ̀ kò tíì yé mi tán. Ìbàdàn ni Mọ́mì wà, ó ń ṣe tíṣà. Lọ́jọ́ Àìkú ó máa ń pè wá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á máa pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, èmi àti òun á sì máa já lu ọ̀rọ̀ ara wa. "Ṣé ò ń gbọ́ràn sí Màmá lẹ́nu?" "Yes, Mummy." "Yorùbá ni kó o fi dá mi lóhùn." "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn mi. Bí mo bá dijú kí n lè rí i, fọ́tò tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n wa ni mo máa ń rí, gèlè kan náà, ẹ̀rín kan náà, kò sì ní mira.

Ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù nílé wa. Ọmọ ìjọ Adventist ni wá, àwa tí à ń pa Sátidé mọ́ bí Ọjọ́ Ìsinmi, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí Màmá Àgbà ti wá, oòrùn mọ àsìkò rẹ̀, ènìyàn lè fọkàn tán an. Ní Toronto, nígbà òtútù, ó lè ti máa wọ̀ bí mo ṣe ń bọ̀ láti ilé ìwé. Bó bá sì di ìgbà ooru, á jókòó sókè ọ̀run títí oorun á fi máa kun ọmọdé. "Oòrùn ìlú yín yìí kò níwà," ni Màmá Àgbà máa ń sọ, wọ́n á sì lọ dúró sójú fèrèsé láti máa ṣọ́ ọ. Kó tó wọ̀, èmi á ti fi bọ́rọ́ọ̀ṣì nu bàtà gbogbo wa, á ti bọ́ èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú omi, á ti gbá ilé, Màmá á ti lọ aṣọ, wọ́n á ti se ìrẹsì, wọ́n á ti bu mọ́ínmọ́ín sínú àwọn agolo tí wọ́n kó jọ, torí pé ewé kò sí. Bí mo bá ń ráhùn, wọ́n á ní, "Ilé tí a tún ṣe kí àlejò tó yọ, ìtìjú kì í bá onílé ibẹ̀." Dádì náà ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ṣe shift Àìkú tí àwọn yòókù kì í fẹ́ ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣófo ní Sátidé. Bí òórùn mọ́ínmọ́ín bá gba ilé kan, tí a wẹ̀, tí a wọ aṣọ mímọ́, tí a jókòó, ara mi máa ń balẹ̀ lọ́nà kan tí n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi. Ìgbà náà ni Màmá Àgbà á wá bu omi gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù, wọ́n á gé atalẹ̀ sí i. Wọn kì í mu tíì, wọn kì í mu kọfí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Atukọ̀ náà kò mu ún."

Atukọ̀ yìí ni ẹnì kẹrin nínú ilé wa. Ará Amẹ́ríkà ni, ó ti kú tipẹ́tipẹ́, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń fi aṣọ gba atẹ́gùn rìn. Ó wà lára àwọn tó dá ìjọ wa sílẹ̀. Bàbá Àgbà, ọkọ Màmá, jẹ́ oníwàásù tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé, àwọn ló kọ́ Màmá ní ìtàn ayé ọkùnrin náà látòkè délẹ̀. Màmá kì í pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ òyìnbó máa ń yọ̀ bọ́rọ́ lẹ́nu àwọn, pé Atukọ̀ náà tó, ohùn tí wọ́n sì fi ń pè é dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Lálaalẹ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń bù díẹ̀ fún mi nínú rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tó lọ sójú òkun. Bí ọkọ̀ ogun ìlú mìíràn ṣe mú un ní tipátipá, tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì tì í mọ́lé títí ogun fi parí. Bó ṣe di ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tó pa ọtí tì, tó sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé wọn kò ní rí ọtí nínú ọkọ̀ òun mọ́. "Wọ́n kùn?" ni mo bi wọ́n. "Wọ́n kùn gan-an," ni Màmá wí, "ṣùgbọ́n àárín òkun ni wọ́n wà. Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?" Lẹ́yìn náà ó kúrò lórí omi, ó gbọ́ pé Olúwa ń bọ̀ láìpẹ́, ó sì ná gbogbo ohun tó ní sórí pé kí ayé gbọ́. Ó lọ sí ìhà ibi tí wọ́n ti ń kó ènìyàn lẹ́rú, ó ń wàásù fún àwọn ẹrú, àwọn olówó wọn halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn á lé e jáde, kò yẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni Màmá máa ń fẹ́ràn jù. Wọ́n á tẹ́ ọwọ́ lé itan, wọ́n á ní, "Ọkùnrin nìyẹn."

Pásítọ̀ wa, tí òun náà jẹ́ ará Jàmáíkà, gbọ́ nípa ìtàn yìí láti ẹnu Dádì. Ó ní kí Màmá wá máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé nínú ìjọ, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán. Màmá ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn kò ju kí àwọn ra búrẹ́dì lọ. "Àbẹ̀ní á máa túmọ̀," ni Dádì wí. Àbẹ̀ní ni oríkì mi. Fúnmi ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Ẹ̀rù bà mí. Títí di ìgbà náà, bí wọ́n bá fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn, bí àwọn ọmọ tèmi ṣe ń ṣe sí mi lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá níwájú gbogbo àga yẹn, tí wọ́n sọ gbólóhùn kan, tí wọ́n dúró, tí wọ́n wò mí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Wọ́n á jù ú, èmi á hán an. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíláàsì tiwọn sílẹ̀ láti wá jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọdé. Auntie Pauline, tí òun náà ń wá sí ìjọ wa, kì í pa á jẹ. Bí mo bá wọ lífítì pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, á ní, "So what the Captain going do next?" Èmi á ní n kò lè sọ, pé àfi kó di Sátidé, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Àárín àsìkò yẹn gan-an ni ìwé Mọ́mì jáde. Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Ilé wa dàrú fún ìdùnnú. Dádì ra kóòtù aláwọ̀ ewé kan fún un, ó gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì máa ń lọ gbé ojú lé e bí ẹni pé Mọ́mì ti wà nínú rẹ̀. Màmá se ẹ̀fọ́ rírò, wọ́n wá irú àti ẹja gbígbẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Dádì gbààyè lẹ́nu iṣẹ́. Ní pápákọ̀ òfurufú, ilẹ̀kùn gíláàsì kan wà tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí àwọn arìnrìn-àjò bá ń jáde. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí ni mo ń dìde. Àwọn ènìyàn ń jáde, wọ́n ń dì mọ́ra, wọ́n ń lọ. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbá ilẹ̀ ní inú lọ́hùn-ún ló ń jáde. Dádì lọ síbi fóònù. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, mo sì rí i tó gbé orí lé ògiri. Nígbà tó padà wá, Màmá ni ó bá sọ̀rọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Kò dé," ló wí. "Wọn ò jẹ́ kó wọkọ̀ ní Lagos. Wọ́n ní àyẹ̀wò tó ṣe ní ọsibítù ti pẹ́ jù, àfi kó tún òmíràn ṣe."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?" ni Màmá béèrè.

"Ara rẹ̀ le. Ó ń sunkún."

"Jẹ́ kó sun ún. Ká lọ sílé."

Nígbà tí a délé, Màmá gbé ẹ̀fọ́ náà kaná, wọ́n bù ú fún wa. Mo ní n kò jẹ, pé oúnjẹ Mọ́mì ni. Wọ́n fà mí mọ́ra. "Oúnjẹ tí a sè de ẹni tí kò dé, ẹni tó wà nílé ló ń jẹ ẹ́. Bí a bá dà á nù, ṣé ìyẹn á gbé e dé?" Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, dídùn rẹ̀ sì bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kejì, tí ó jẹ́ Ẹtì, mo rò pé a máa fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀. Bí mo ṣe ti ilé ìwé dé ni Màmá na bọ́rọ́ọ̀ṣì bàtà sí mi. Wọ́n ń nu ìdáná nígbà tí Dádì wọlé wá bá wọn.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe Pásítọ̀, kí wọ́n sún ìtàn ọ̀la síwájú."

"Kí ló dé?"

"Ẹ mọ ibi tó dé dúró."

Èmi náà mọ̀ ọ́n. A ti sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé ní ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa gbọ́ nípa ọjọ́ tí Atukọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń retí Olúwa, ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n ti dá fún un, tí wọ́n fi gbogbo ọkàn gbà pé ọjọ́ náà ni.

Màmá kò dúró lẹ́nu ohun tí wọ́n ń nù. "Mo mọ ibi tó dé dúró. Ìtàn ni, Túndé, kò ní bàjẹ́ bí a bá sún un síwájú. Ṣùgbọ́n mi ò rí ọjọ́ tó yẹ ẹ́ ju ọ̀la lọ."

"Ọmọ yìí ló máa túmọ̀ rẹ̀, Màmá."

"Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Àbẹ̀ní, ṣé wàá lè ṣe é? Bó o bá ní rárá, rárá náà ni, kò sí ẹni tó máa bá ọ wí."

"I don't know."

"Yorùbá."

"Mi ò mọ̀ mà."

"Ó dáa. Èmi náà ò mọ̀. A ó jọ lọ ni."

Gbọ̀ngàn ìjọ kún lọ́jọ́ kejì. Màmá di ẹ̀yìn àga kan mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ bí àwọn kan ṣe fi irè oko wọn sílẹ̀ nínú ilẹ̀ láìwú u, bí àwọn kan ṣe ti ṣọ́ọ̀bù wọn, bí wọ́n ṣe bẹ ara wọn fún ìdáríjì, tí wọ́n kóra jọ, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Mo ń hán ọ̀rọ̀ náà, mo ń jù ú fún ìjọ, ohùn mi ò gbọ̀n. Màmá wá ní, "Ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ mọ́. Kò dé." Ó yẹ kí n sọ pé Olúwa ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Kò dé ni kò dé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ mọ ẹni náà kó tó jẹ́ kó o kọjá. Ẹnu mi ló dá a lóhùn kí ọkàn mi tó dé ibẹ̀. Mo ní, "The night came. The morning came. She did not come."

Ọmọdé kan níwájú bi ìyá rẹ̀ pé ta ni "she" náà, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo rí Dádì lẹ́yìn tó sorí kọ́. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn láti ìgbà èwe wọn, wọ́n mọ̀ bí ìjọ bá mí lọ́nà mìíràn. Wọ́n tẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní Mọ́mì kò dé."

Wọ́n fi etí ìró wọn nù mí lójú níbẹ̀, níwájú gbogbo ènìyàn. "O túmọ̀ rẹ̀ dáadáa," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

A sì ń lọ. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ebi pa Atukọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, bí ó ṣe máa ń pa gbogbo ènìyàn. Ó di dandan kí ó jáde lọ ra oúnjẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kò tíì gòkè ọ̀run lọ ni. Ojú tì í débi pé ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ilẹ̀ kò lanu. Ó ra oúnjẹ náà, ó gbé e lọ sílé, wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún jí. "Kò sọ pé ẹni tó ń bọ̀ purọ́," ni Màmá wí, "ó ní àwa la ka ọjọ́ rẹ̀ ṣì. Ó padà sídìí Bíbélì rẹ̀, ó ń kà á, inú ìkàwé yẹn ló ti rí Ọjọ́ Ìsinmi tí a jókòó sínú rẹ̀ lónìí. Ká ní ó jókòó sílé láti máa wo ojú ọ̀run, a kì bá tí mọ̀ ọ́n." Ohùn mi ti padà sípò. Mo túmọ̀ rẹ̀ dé òpin. Pásítọ̀ kò wàásù lé e, ó kàn ní kí a dìde kọrin. Lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ náà, Auntie Pauline sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé wa pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó jókòó tì wá. Ó sọ fún Dádì pé òun náà ti fi ọmọ òun sílẹ̀ ní Jàmáíkà rí, pé ọmọ náà dé nígbẹ̀yìn, pé ó ti ga ju òun lọ nígbà tó dé. Màmá kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀, síbẹ̀ àwọn obìnrin méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú títí a fi jẹun tán.

Mo ti ka nípa Atukọ̀ náà fúnra mi lẹ́yìn tí mo dàgbà. Ohun tí Màmá fi parí ìtàn wọn, tí mo rò pé wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ láti fi tù mí nínú, òótọ́ ni: ọkùnrin yẹn dé ilẹ̀ Kánádà yìí nígbà tó ń darúgbó lọ, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú sínóò láti ilé dé ilé, ó ń sọ ohun tó rí fún àwọn tó bá ṣílẹ̀kùn. Bí a bá ń lọ sí ìjọ ní ìgbà òtútù, tí ẹsẹ̀ wa ń rì, Màmá á ní, "Òun náà ti rí sínóò yín yìí, kò pa á." Pickering ni mò ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ mi. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé mo gbàgbọ́ tó bí Màmá ṣe gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá di Ẹtì, mo máa ń tún ilé ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Bí ohun tí mo fọkàn tán bá sì já mi kulẹ̀, tí nǹkan bẹ́ẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo máa ń ronú nípa ọkùnrin kan tó jáde lọ ra oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí sínóò yọ́, tí àwọn igi ẹ̀yìn ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, mo ti ilé ìwé dé ní Ọjọ́rú kan, mo gbọ́ ohùn obìnrin méjì nínú kíṣìnnì, wọ́n ń jiyàn lórí iyọ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Dádì ni kò gbà pé kí wọ́n sọ, torí ilẹ̀kùn gíláàsì ọjọ́sí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi lẹ́yìn. Obìnrin tó kọjú sí ìdáná kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ó kó irun rẹ̀ lọ́nà tí n kò mọ̀. Nígbà tó yíjú padà, n kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo bá ṣe èyí tí wọ́n kọ́ mi láti máa ṣe sí àlejò. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàsán mà."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta lò ń kí báyẹn, Àbẹ̀ní?" ló wí, òun náà sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú mi gan-an, tí ojú wa fi ṣe déédéé. A wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ń wo ara wa. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Òórùn àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dìde mà," ni mo wí.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dìde."

Kò sí ẹni tó dìde nínú wa. Màmá Àgbà gbé abọ́ ẹ̀bà lọ́wọ́, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbà kọjá. Wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n rọra gbé ẹsẹ̀ kọjá láàárín èmi àti ògiri. "Ẹ máa kúnlẹ̀ níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ti fẹ́ máa jẹun."